Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Owó Gbà-Má-Bínú Lọ́wọ́ Iléeṣẹ́ Ìrìnàjò Tó Kó Yín Lọ Fara Pa

Ní Òṣogbo lónìí, kò sí irú ìrìnàjò ìgbafẹ́ tí ẹ kò ní rí ẹni bá yín ṣètò. Àwọn kan ń kó èèyàn lọ wo ìsun omi Erin-Ìjẹ̀ṣà láàárọ̀, wọ́n á sì kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Àwọn kan ń gbé ọmọ iléèwé lọ sí Òkè Ìdànrè àti Àgbádárìgì. Àwọn mìíràn ń ta Dubai ọlọ́jọ́ márùn-ún, Ùmúrà, tàbí Jerúsálẹ́mù. Owó kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń gbà fún gbogbo rẹ̀: ọkọ̀, òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ àti ẹni tí yóò mú yín káàkiri. Bí ẹ bá fara pa lẹ́nu irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀, òfin fún yín láyè láti bèèrè owó gbà-má-bínú.

Àmọ́ o, ọgbẹ́ nìkan kọ́ ló ń mú owó jáde. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn ni pé iléeṣẹ́ náà ní ojúṣe kan sí yín, pé kò ṣe ojúṣe náà bó ṣe yẹ, àti pé àìṣe rẹ̀ yẹn gan-an ló fa ìpalára. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá já, ẹjọ́ já nìyẹn.

Ẹ fi ìsun omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà wò ó. Gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ló ń rí i pé òkúta etí omi ń yọ̀, bí èèyàn sì ṣe ń gòkè láti ìpele kan bọ́ sí èkejì ni ọ̀nà ń le sí i. Ẹni tó fi afinimọ̀nà sílẹ̀, tó lọ dúró sórí òkúta torí fọ́tò, tó sì yọ̀ ṣubú, yóò ṣòro fún un láti rí owó gbà, torí ewu tó fojú ara rẹ̀ rí ló lọ bá. Ṣùgbọ́n bí iléeṣẹ́ bá kó ogójì ọmọ iléèwé gun òkè kan náà lẹ́yìn òjò, tó jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló ń ṣọ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fáwọn òbí pé kí ọmọ má wọ sílípáàsì wá, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Òkúta kan náà ni, ìṣubú kan náà ni, ṣùgbọ́n a rí nǹkan nawọ́ sí tí ẹni tó gbowó kò ṣe. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí lọ́yà, ẹ jókòó, kí ẹ parí gbólóhùn yìí: “Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe tí wọn kò ṣe ni…” Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan fi parí rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ló ń pinnu ẹjọ́ púpọ̀, torí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òtẹ́ẹ̀lì ti nu omi ilẹ̀, ó ti pààrọ̀ gílóòbù tó kú, awakọ̀ náà sì ti pààrọ̀ táyà.

Ìtọ́jú ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ní Nàìjíríà, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gba ọsibítù kankan láyè láti kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú títì, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122. Bó bá sì jẹ́ pé ìlú mìíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́jú yín, ẹ tún lọ sí ọsibítù kan bí ẹ bá ti dé Òṣogbo, yálà ọsibítù ìkọ́ni UNIOSUN tàbí ọsibítù ìjọba ní Asúbíáró, kí àkọsílẹ̀ yín má baà ní àlàfo.

Ẹ sọ fún dókítà bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ sì rí i pé ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú káàdì. “Ó ṣubú” kò tó. “Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì ní alẹ́ àná, iná kò sí níbẹ̀” ni ó yẹ kó wà níbẹ̀. Káàdì yìí ni lọ́yà iléeṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bèèrè fún, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ibẹ̀ ni yóò di mú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to eegun náà nìyí. A kò sọ pé kí ẹ má lọ sọ́dọ̀ wọn; ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ya X-ray ṣáájú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Bí ẹ bá ti kọ́kọ́ lọ to eegun, tí ẹ wá lọ sí ọsibítù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú tàbí tó ti jinná wọ́rọkọ, wọn yóò sọ pé ẹni tó to eegun ló bà á jẹ́, kì í ṣe àtẹ̀gùn. X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Fọ́tò ló tún kàn, ẹlòmíràn sì lè bá yín yà á. Kó kọ́kọ́ ya gbogbo àyíká láti òkèèrè, kó tó wá sún mọ́ ibi tó fọ́ tàbí tó tutù gan-an. Kó fi bírò tàbí owó bébà lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bí ihò náà ṣe tóbi tó. Kó ya ohun tí kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú: ògiri tó yẹ kí irin ìdìmú wà, ilẹ̀ tútù tí wọn kò gbé àmì ìkìlọ̀ sí. Bí ó bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi ránṣẹ́ bí “Document”, kì í ṣe bí fọ́tò lásán, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ó sì ń yọ ọjọ́ àti aago tó so mọ́ ọn dànù. Fọ́tò àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lórí fóònù tó yà á.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló gbókìtì, ohun tí ẹ ó wá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára, àti táyà tó bẹ́. Lára táyà náà ni ẹ ó ti rí lẹ́tà DOT, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn á tẹ̀ lé e, nọ́ńbà mẹ́rin á sì wà ní ìparí. Bí ó bá jẹ́ 2318, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí nọ́ńbà mẹ́rin yìí kò bá hàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Táyà tó ti gbó, tí iléeṣẹ́ fi kó èèyàn méjìdínlógún lọ sí ọ̀nà jíjìn, jẹ́ ẹ̀rí tí kò nílò ẹlẹ́rìí. Ẹ bèèrè bí ọkọ̀ náà bá ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù, torí FRSC ní kí àwọn ọkọ̀ èrò máa ní in. Lẹ́yìn náà, ẹ gba nọ́ńbà ìròyìn ìjàm̀bá lọ́wọ́ FRSC tàbí lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó dé ibẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, iléeṣẹ́ adójútòfò kò ní dá yín lóhùn. Nọ́ńbà ọkọ̀ yìí ni ẹ ó fi yẹ ojú òpó askNIID wò láti mọ̀ bí ìwé adójútòfò ọkọ̀ náà bá jẹ́ ojúlówó àti iléeṣẹ́ tó kọ ọ́. Èrò tó sanwó wọ ọkọ̀ wà lára àwọn tí adójútòfò tó pọn dandan fún ọkọ̀ ń bójú tó, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì ó kéré tán lára àwọn tó rí i, kí wọ́n tó fọ́n ká. Aládùúgbò yín nínú ọkọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yín ni kọ́ọ̀tù ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjàm̀bá wọn, kí ẹ sì ya fọ́tò ojú ìwé náà. Bí kámẹ́rà bá wà níbẹ̀, ẹ fi ìmeèlì tàbí WhatsApp sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n fi fídíò aago báyìí sí aago báyìí pa mọ́ fún yín. Fídíò kámẹ́rà kì í pẹ́ kí tuntun tó pa á rẹ́, ẹni tí ẹ bá sì ti kọ̀wé sí kò ní lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ẹ nílò rẹ̀. Bàtà tí ẹ wọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá.

Kí ẹ tó sùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ kọ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó kó yín lọ. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko: ẹni tó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n máa ń bi pé ṣé kì í ṣe ilé ara rẹ̀ ló ti ṣubú.

Ta ni ẹ ó dojú ẹjọ́ kọ?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ẹni tí ẹ sanwó fún ní Òkè-Fìà lè jẹ́ aṣojú lásán fún iléeṣẹ́ kan ní Èkó, iléeṣẹ́ Èkó sì lè ti ra òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Dubai. Bí ẹ bá bèèrè, oníkálùkù á nawọ́ sí ẹnìkejì.

Ẹ kó ìwé yín jáde. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rìsíìtì, orúkọ àkáǹtì tí ẹ sanwó sí, àti orúkọ ẹni tó fi ètò ìrìnàjò náà ránṣẹ́ sí yín. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí wọ́n sì ta gbogbo rẹ̀ fún yín lówó kan ní orúkọ ara wọn, àwọn ni ẹ mọ̀. Wọn ò lè ní àwọn ò mọ òtẹ́ẹ̀lì rí. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019, sọ pé ẹni tó pèsè iṣẹ́ fún oníbàárà ló máa dáhùn fún ìpalára tí iṣẹ́ náà bá fà. Ṣùgbọ́n bí rìsíìtì bá sọ kedere pé “a gba owó yìí fún iléeṣẹ́ báyìí”, iléeṣẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí aṣojú. Lẹ́tà lè lọ bá ju ẹnìkan lọ. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa pín ẹ̀bi láàárín wọn.

Ẹ wá orúkọ wọn lórí ojú òpó CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí RC bá ṣáájú nọ́ńbà wọn, kọ́ńpínì ni, kọ́ńpínì náà ni ẹ ó pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ọ̀gá tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí BN bá ni, orúkọ òwò lásán ni. Òwò kò lè jẹ́jọ́, ẹni tó ni ín gan-an ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́. Ilé-ẹjọ́ lè da ẹjọ́ nù lórí àṣìṣe orúkọ yìí nìkan. Bí ẹ kò bá rí wọn rárá, ẹ mú orúkọ tó ni àkáǹtì.

Fún Ùmúrà àti Háàjì, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ NAHCON, àjọ ìjọba tó ń bójú tó Háàjì, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ó ti fi ẹjọ́ wọn sùn. Èyí kò dí ẹjọ́ owó gbà-má-bínú lọ́wọ́, ó kàn ń fi kún agbára yín, torí iléeṣẹ́ tó ń bẹ̀rù ìwé àṣẹ rẹ̀ máa ń tètè dáhùn.

Inú ọkọ̀ òfuurufú yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá fara pa nínú rẹ̀, tàbí níbi tí ẹ ti ń wọ̀ ọ́ tàbí tí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, nínú ìrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àdéhùn Montreal ti 1999 ló ń darí rẹ̀. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kò lè sọ pé òun kò jẹ̀bi títí dé iye 151,880 SDR, ìyẹn òṣùwọ̀n owó àjọ IMF, láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 2024, àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìjàm̀bá o: tíì gbígbóná tó dà sí yín lára wà níbẹ̀, àìsàn tí ẹ gbé wọ ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ní Nàìjíríà, ó sì wà ní Òṣogbo.

Àwọn tí ọmọ wọn wà nílùú ọba, tí ọmọ náà ra ìrìnàjò fún ìdílé láti ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi òfin ibẹ̀ ṣe é. Láti oṣù Keje 2018, òfin Bìrìtìkó sọ pé iléeṣẹ́ tó bá ta ọkọ̀ àti ibùsùn pọ̀ ní owó kan ló máa dáhùn fún iṣẹ́ gbogbo àwọn tó gbé e fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtẹ́ẹ̀lì ní Tọ́kì ló jẹ̀bi. Èyí rọrùn ju kí ẹ máa lé òtẹ́ẹ̀lì náà kiri lọ.

Ìwé “ewu orí ara mi ni”

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa ń mú yín buwọ́ lu ìwé pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀. Iléèwé náà máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí. Ẹ má jẹ́ kí ìwé yìí dẹ́rù bà yín. Òfin oníbàárà ti Nàìjíríà, ti 2018, tí a dárúkọ lókè kò gba àdéhùn tó fẹ́ yọ iléeṣẹ́ kúrò nínú àìbìkítà tó burú jáì, ó sì ní kí wọ́n fi ìkìlọ̀ ewu han oníbàárà ní èdè tó yé e, kì í ṣe ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ẹ rí lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó. Ibi tí ìwé náà lágbára díẹ̀ ni ewu tó bá eré náà wá fúnra rẹ̀, bí i kí ẹsẹ̀ yí nígbà tí ẹ ń gun òkè.

Ọjọ́ ń lọ

Láti pe ẹjọ́ ọkọ̀ òfuurufú, ọdún méjì ni òfin fún yín, kò sì sí àfikún. Ìpalára ara ní Èkó àti ní England, ọdún mẹ́ta ni. Ọdún mẹ́ta yìí ni kí ẹ fi ṣe òpin fún ara yín níbi gbogbo, kódà bí ẹnìkan bá ní àyè ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí àjọ ìjọba ló ni ibi tí ẹ ti fara pa, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín, nítorí náà ẹ lọ rí lọ́yà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lára nìyí: ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ dúró. Iléeṣẹ́ lè fi “ẹ fún wa lọ́sẹ̀ kan sí i” gbé yín kọjá ọjọ́ tí òfin dá, lẹ́yìn náà wọn kò ní gbé fóònù yín mọ́.

Iye tí ẹ ó bèèrè

Ọ̀nà méjì ni owó yìí pín sí. Èkíní ni owó tó ti ọwọ́ yín jáde tàbí tí kò wọlé, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé gbè lẹ́sẹ̀ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Èkejì ni owó ìrora, àpá àti ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́, èyí tí ilé-ẹjọ́ máa fúnra rẹ̀ díwọ̀n. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ èkíní bí àpẹẹrẹ yìí, fún ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ní ọjọ́ kejì ìrìnàjò ọlọ́jọ́ márùn-ún:

Ọsibítù, X-ray àti POP: ₦145,000
Oògùn: ₦38,500
Ọkọ̀ lọ bọ̀ ọsibítù, ìgbà mẹ́fà ní ₦4,000: ₦24,000
Igi ìfirìn: ₦25,000
Èrè ọjà tí kò wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ₦30,000: ₦180,000
Ọjọ́ mẹ́ta tó ṣòfò nínú ìrìnàjò ₦500,000: ₦300,000
Àpapọ̀: ₦712,500

Èrè ni mo kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye ọjà tí wọ́n tà. Bí ẹ bá kọ gbogbo owó tó ń wọlé láìyọ owó ọjà kúrò, lọ́yà wọn á fi ìbéèrè kan ṣoṣo ba gbogbo àkọsílẹ̀ yín jẹ́. Àwọn tó ń tajà ní Ọjà Ọba máa ń sọ pé àwọn kò ní ìwé. Wọ́n ní in. Àkọsílẹ̀ báǹkì oṣù mẹ́fà ṣáájú ìjàm̀bá wà, POS wà, káàdì àjọ sì wà. Káàdì alájọ tó fi hàn pé ẹ ń dá ₦2,000 lójoojúmọ́ láìpa ọjọ́ jẹ, tí àmì inú rẹ̀ wá dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin gan-an, máa ń ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn dáadáa. Ẹ pe alájọ náà pé kó wá jẹ́rìí sí i. Ti ọkọ̀ tí kò ní rìsíìtì, ẹ máa fi báǹkì sanwó fún ọlọ́kadà tàbí onítakisí dípò owó ọwọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ lọ́jọ́ náà.

Fún owó ìrora, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ìwé tó sọ bí ọgbẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó àti ohun tó máa ṣẹ́kù. Ẹ̀yin náà ẹ kọ ti yín, kó sì ṣe pàtó: pé ẹ kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́, pé ìforíkanlẹ̀ lórí ẹní ìrun di orí àga, pé ẹ kò lè gbé ọmọ pọ̀n. Adájọ́ tó jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí àìlèkúnlẹ̀ já mọ́ fún ìyàwó ilé. Ẹ má ṣe sọ iye kan mọ́ ọwọ́ wọn kí dókítà tó ní ara yín ti dúró sójú kan, torí bí iṣẹ́ abẹ kejì bá yọjú lẹ́yìn tí ẹ ti gbowó, ẹ̀yin lẹ ó san án.

Ẹ tún wo adójútòfò tí ẹ ti ra láìmọ̀. Físà Schengen kì í jáde láìsí adójútòfò ìlera tó tó €30,000 ó kéré tán. Nọ́ńbà pàjáwìrì wà lórí ìwé náà, ẹ pè é kí ẹ tó sanwó ọsibítù. Ẹjọ́ iléeṣẹ́ ìrìnàjò ṣì wà lọ́tọ̀.

Lẹ́tà

A kì í ti kọ́ọ̀tù dé ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í ṣe kọ́ọ̀tù. Ojú ìwé méjì tó. Kò sí èébú, kò sí èpè, kò sí “Ọlọ́run á dá a”. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan, bí èyí:

“Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn kejì tó lọ sí ibi ìjẹun òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi wá sí. Táìlì etí àtẹ̀gùn náà ti fọ́, iná ibẹ̀ kò tàn, kò sí irin ìdìmú lápá òsì. Mo ti sọ fún aṣojú yín lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé iná ibẹ̀ kò tàn. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún dá.”

Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ ojúṣe tí wọn kò ṣe, iye tí ẹ ń bèèrè pẹ̀lú àkọsílẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti dáhùn. Ẹ̀dà ìwé ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ojúlówó kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi kọ ọ́, torí òun ni kọ́ọ̀tù ń lò. Bí ẹlòmíràn bá bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ọ́, kó kà á sí i létí ní Yorùbá, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀, nítorí òfin bèèrè fún un. Ẹ fi ìmeèlì ránṣẹ́, kí ẹ tún gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú ẹ̀dà kejì tí wọn yóò buwọ́ lù, tí wọn yóò kọ ọjọ́ sí. Bí wọ́n bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ẹ fi iléeṣẹ́ afìwéránṣẹ́ tó ń fúnni ní rìsíìtì ṣe é.

Kí ẹ fi WhatsApp yín pa mọ́ náà: ẹ ṣí ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú wọn, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lókè, “More”, “Export chat”, “Include media”, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìmeèlì ara yín. Òfin ẹ̀rí ti 2011, ní apá 84, ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí tó sọ ẹ̀rọ tí ohun tí ẹ tẹ̀ jáde ti wá. Lọ́yà yín á ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ rán an létí.

Nígbà tí wọ́n bá dé pẹ̀lú àgbà

Ní Òṣogbo, lẹ́tà kì í sábà mú èsì wá, àgbà ló máa ń mú wá: pásítọ̀, àlùfáà, baálé àdúgbò, pẹ̀lú àpò ọsàn. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ dárí jì wọ́n bí ọkàn yín bá gbà bẹ́ẹ̀, torí ìdáríjì yàtọ̀ sí owó ọsibítù, kò sì sí àgbà tó mọ ohun tó ń ṣe tí yóò ní kí aláìsàn san owó oògùn tí ẹlòmíràn fà. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ ti gbọ́, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìwé. Ìwé ìdúnàádúrà tí wọ́n kọ “without prejudice” sí lórí, ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè mú un lọ síwájú adájọ́, nítorí náà ẹ má gbára lé ìlérí inú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ owó ọsibítù. Wọ́n á ní “ẹ kàn buwọ́ lu ibí pé ẹ gba ₦150,000”, ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tó ní ẹ kò ní bèèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó náà, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sí i pé apá kan owó ìtọ́jú ni, ẹjọ́ kò tíì parí. Ìrìnàjò ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá fi lọ̀ yín kì í ṣe owó. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ má kọ èébú sí Facebook, ẹ má sì jẹ́ kí fọ́tò òde àríyá jáde níbi tí ẹ ti ń jó, torí òun ni wọn yóò tẹ̀ jáde fún adájọ́.

Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá pé láìsí èsì

Ẹ fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lórí ojú òpó wọn, fccpc.gov.ng, pẹ̀lú rìsíìtì, lẹ́tà yín àti ìwé dókítà. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ yín. Iléeṣẹ́ ìrìnàjò tó kọ etí ikún sí yín máa ń dáhùn lẹ́tà wọn, àgàgà lórí owó ìrìnàjò tó yẹ kí wọ́n dá padà. Fún owó ìrora tó pọ̀, ọ̀dọ̀ lọ́yà lẹ ń lọ. Ẹ bi í léèrè ṣáájú iye tó máa gbà àti ìgbà tó máa gbà á, kó sì wà nínú ìwé. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000 láti 2024, lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun; ẹjọ́ ìjàm̀bá wà lára ohun tí òfin ní kí wọ́n ṣe. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ sí kọ́ọ̀tù ẹjọ́ kéékèèké ti Èkó, tó ń gba gbèsè tó mọ ní ₦5,000,000: gbèsè tí iye rẹ̀ dájú ló ń gbọ́, kì í díwọ̀n ìrora.

Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í dé ìdájọ́. Ó máa ń parí sí àdéhùn ní àárín, èyí sì dára bí ẹ bá kọ ọ́ dáadáa: iye owó, ọjọ́ tó máa wọlé, àkáǹtì, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, tí ẹjọ́ sì ti wà ní kọ́ọ̀tù, ẹ ní kí lọ́yà fi àdéhùn náà síwájú adájọ́ kó di ìdájọ́ ilé-ẹjọ́. Nígbà náà, bí wọ́n bá san oṣù méjì tí wọ́n sì dákẹ́, ẹ kò nílò ẹjọ́ tuntun. Òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù lè lọ fi ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì wọn.